Òwú Tí A Ó Fi Kọ́ Ìṣirò Ojú-Ọjọ́

Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní aṣọ híhun, òwú ni a kọ́kọ́ ń fi lé e lọ́wọ́. Bákan náà ni ó rí fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ bí a ti ń fi ìṣirò mọ ojú-ọjọ́ tí ń bọ̀: àkọsílẹ̀ ojú-ọjọ́ tí ó ti kọjá ni òwú tirẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àkọsílẹ̀ náà jẹ́, ibi tí a ti ń rí i, àti ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lò ó.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ń pín ojú ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin bí ìwé ìṣirò àwọn ọmọ, a sì ń pín òfuurufú tí ó wà lókè rẹ̀ sí ìpele ìpele. Ní onígun kọ̀ọ̀kan, a ó kọ iye ooru, iye ọ̀rinrin, bí ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́, àti bí afẹ́fẹ́ ti tẹ ilẹ̀ tó. Láti inú iye wọ̀nyí ni a ó ti ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. A ó sì máa tún un ṣe títí ìṣẹ́jú yóò fi di ọjọ́.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lewis Fry Richardson, fi ọwọ́ ṣe irú ìṣirò yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí ó ń wa ọkọ̀ tí ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Àkọsílẹ̀ ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 1910 ni ó lò, èyí tí Vilhelm Bjerknes ará Norway ti tò jọ láti inú ohun tí a fi balúùnù wọ̀n ní Yúróòpù. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò fi mìlíbà 145 ga sí i láàárín wákàtí 6. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà gan-an, díẹ̀ ni ó fi yí padà. Richardson kò fi èyí pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1922.

Kì í ṣe òfin ìṣirò rẹ̀ ni ó burú. Iye ẹ̀fúùfù àti iye ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú àkọsílẹ̀ náà ni kò bára mu, àìbámu kékeré yìí sì di rúkèrúdò ńlá. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Peter Lynch ará Ireland kọ́kọ́ mú àkọsílẹ̀ kan náà bára mu, kí ó tó fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀. Ìyípadà tí ó rí kò tó mìlíbà 1.

Lónìí, a lè rí àkọsílẹ̀ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Èkíní ni ERA5 ti Yúróòpù, tí ó wà ní ibi ìpamọ́ Copernicus: ó ní iye gbogbo ayé ní wákàtí wákàtí láti ọdún 1940, onígun rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 31. Èkejì ni GFS ti ìjọba Amẹ́ríkà, tí a ń ṣírò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ̀kẹta ni àpẹẹrẹ kékeré tí àwọn tí ó ṣe ètò WRF dì fún akẹ́kọ̀ọ́, irú èyí tí ó jẹ́ ti ìjì Matthew, tí ó jà ní ọdún 2016. Èyí ni ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jù lọ, nítorí a ti mọ ohun tí ìjì náà ṣe, a sì lè fi ìṣirò wa wé e.

Ẹ má ṣe kó gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ọjọ́ kan àti agbègbè kékeré kan, bí àárín Kano àti Jos. Ẹ wo aago rẹ̀: ti Greenwich ni, ó sì fi wákàtí 1 rẹ̀yìn sí ti Nàìjíríà. Ẹ wo òṣùwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: kelvin ni ERA5 fi ń wọn ooru, 300 rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 27 ní ti Celsius, pascal ni ó fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, 100 rẹ̀ sì jẹ́ mìlíbà 1.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibùdó tí ń fi balúùnù wọn òfuurufú kò pọ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú iye tí a ń rí gbà fún ilẹ̀ wa ni ìṣirò fi dí àlàfo. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní tẹmómítà àti ohun ìwọn-òjò tirẹ̀, kí àwọn ọmọ máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà wí. Àgbẹ̀ tí ó bá gbin ọkà bàbà nítorí a sọ fún un pé òjò ti dé kò lè wú irúgbìn náà padà bí ọ̀dá bá dá. Ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí a wọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí a ṣírò.