Ọkọ̀ Àjẹ̀ Kì í Ṣe Àjànàkú

Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Erin ni wọ́n pa òwe yìí fún. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ àjẹ̀ lórí Ọ̀sà Èkó kì í ṣe erin o. Òun gan-an ni nǹkan tí wọ́n ń rí fìrí. Orí àti èjìká rẹ̀ nìkan ló yọ sókè, àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ àti ti omi kò jìnnà síra. Bí ìgbì kékeré bá dìde láàárín òun àti ẹni tó ń wò ó, á pòórá fún ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta. Àsìkò yẹn gan-an ni awakọ̀ ẹ́ńjìnnì lè gbójú sókè, kó rí i pé iwájú mọ́, kó sì tún fi kún eré.

Nítorí náà, kí àjẹ̀ tó kan omi, kí ẹ ti gbà lọ́kàn yín pé ẹni tó ń bọ̀ lórí eré yẹn kò tíì rí yín. Kì í ṣe pé ó burú, kì í ṣe pé ó ń fojú di yín. Kò rí yín ni. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, ìwà rẹ̀ lórí omi á yàtọ̀ láti èbúté.

Omi wa kò dákẹ́ mọ́. Àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ògù láti Makoko ń da àwọ̀n, àwọn oníyanrìn ń ta ìgbòkun tí wọ́n fi àbùlẹ̀ gán pọ̀, àwọn onígẹdú ń fa igi lórí omi, ọkọ̀ fáíbà sì ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Fálọ́mọ àti CMS láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan tún ti dé, lápá Lẹ́kkí, pẹ̀lú kayak, ọkọ̀ kékeré tí àwọn ará Inuit ilẹ̀ yìnyín kọ́kọ́ fi awọ ẹran omi ṣe, tó ti di oníke lónìí. Owó tí wọ́n fi ra kayak lè tó ra ọkọ̀ apẹja mélòó kan, ṣùgbọ́n lójú awakọ̀ ẹ́ńjìnnì, ọgbọọgba ni wọ́n. Apẹja gan-an ló sàn jù lọ́pọ̀ ìgbà, torí òun máa ń dìde dúró, ẹni tó wà nínú kayak kò lè dìde.

Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó sípò awakọ̀ náà wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onípákó tó ní ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn pátápátá ló wà, ó di apá ẹ́ńjìnnì mú. Èrò wà níwájú rẹ̀ ní ìlà ìlà, ẹlòmíràn gbé báàgì lé itan, ẹlòmíràn ṣí agbòòrùn nítorí omi tó ń ta sí i lára. Bí ó bá ti tẹ ẹ́ńjìnnì, imú ọkọ̀ á gbé sókè, omi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, tí ẹ̀yin wà, á sì fara pamọ́ fún un. Bí oòrùn bá tún ń wọ̀ tó sì dojú kọ ọ́, omi á máa kọ mànà lójú rẹ̀. Ẹ máa wo ibi tí oòrùn wà. Bí ẹ bá wà láàárín òun àti oòrùn, òjìji lásán ni yín. Ẹ má sì retí pé yóò gbọ́ igbe yín tàbí fèrè yín. Ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ó gbọ́. Fèrè wúlò fún àwọn tí ẹ jọ ń wakọ̀, àti fún ìgbà tí ẹ bá ti wà nínú omi.

Ẹ tún bá mi ṣe ìṣirò kan. Ọkọ̀ tó bá ń sáré kìlómítà 37 ní wákàtí kan, bíi mítà 10 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i ní 300 mítà, ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré ló kù. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ wọ́ọ́rọ́ á lọ bíi mítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú yẹn, á ti rin 45 mítà, ó sì tó láti kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá 20 ronú pé bóyá òun ni yóò yà, 15 mítà ló ṣẹ́kù fún yín.

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ na àjẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa lọ bí ẹ ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tún na àjẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé ìhà kan náà sí imú ọkọ̀ yín ni ẹ ṣì ń nà án sí, tí ọkọ̀ ọ̀hún sì ń tóbi sí i, ẹ̀yin méjèèjì ń lọ pàdé nìyẹn. Ẹ yà kíá, kí yíyà náà sì hàn. Ẹni tó ń yà díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì, ń da ara rẹ̀ láàmú, ó sì ń da awakọ̀ láàmú bí ó bá ti rí i. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ gbà, ẹ má sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá láéláé. Bí ó bá ti súnmọ́ jù, ẹ gbé àjẹ̀ sókè gbọọrọ, kí ẹ máa fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tó ń mì ni ojú ènìyàn ń tètè rí.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí a kun abẹ àjẹ̀ ní ọ̀dà funfun tàbí ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn, níwájú àti lẹ́yìn. Kò wọ́n, kò gba ìmọ̀ kankan, àjẹ̀ sì ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà. Fìlà àti ẹ̀wù tó tàn náà dára. Àsíá kékeré lórí ọ̀pá lẹ́yìn ọkọ̀ ṣì dára jù fún ẹni tó jókòó sísàlẹ̀, torí ó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; kò sí ẹni tí yóò rí ọ̀dà rà láàárín ọ̀sà.

Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Ẹni tó gbójú lé "èmi ni mo lẹ́tọ̀ọ́" lórí omi, ohun tó ju òṣì lọ ló ń ta ara rẹ̀ fún. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹlẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tó ń fi ọwọ́ tukọ̀. Òfin àgbáyé tí wọ́n ṣe ní 1972, kí ọkọ̀ má bàa máa forí gbárí lójú omi, ní kí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì yà fún ọkọ̀ onígbòkun, kí ó yà fún ọkọ̀ tó ń pẹja tí àwọ̀n rẹ̀ kò jẹ́ kó lè yí bó ṣe fẹ́. Ọkọ̀ àjẹ̀ kò sí nínú àwọn tí wọ́n kà síbẹ̀. Ohun tí òfin náà sọ fún gbogbo ọkọ̀, ńlá àti kékeré, ni pé kí olúkúlùkù fi ojú àti etí ṣọ́nà, kí ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà tóóró rìn súnmọ́ etí ọ̀tún, kí ọkọ̀ tí kò sì gùn tó 20 mítà má dí ọkọ̀ ńlá tí kò lè kúrò nínú ọ̀nà náà lọ́wọ́. Ẹ wo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọlé sí Àpápá. Bí ọ̀gá ọkọ̀ náà bá tilẹ̀ rí yín, tí ó sì fẹ́ yín fẹ́re, kò lè dúró. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ sí apá Tarkwa Bay, kó jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá tán kó tó dá a láṣà pé òun ń sọdá.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ojú ọ̀nà tí omi ti jìn ni ẹlẹ́ńjìnnì nílò. Alájẹ̀ kò nílò rẹ̀. Etí omi níbi tí kò jìn, tí ẹ́ńjìnnì ń bẹ̀rù iyanrìn, tiyín ni. Bí ẹ bá níláti sọdá ojú ọ̀nà ọkọ̀, ẹ gbé e gba ibi tó kúrú jù, tààrà, kí ẹ má máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn nínú rẹ̀. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni: bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, ẹ para pọ̀ kẹ́ ẹ jọ sọdá. Ẹ má ṣe tò bí ọgbà kalẹ̀ láti etí kan dé ìkejì, tí ẹlẹ́ńjìnnì kò ní í mọ ibi tí yóò gbà. Ẹ má sọdá níbi tí omi ti ṣẹ́ kọ́ọ̀nà. Ẹ má sì yọ lójijì láti ẹ̀yìn òpó Third Mainland Bridge. Láti ìgbà tí afárá yẹn ti parí ní 1990 ni àwọn òpó rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ kan pa mọ́ fún ìkejì.

Ewéko ojú omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, èyí tó gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé ní 1984, náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kóra jọ, ẹlẹ́ńjìnnì á yà fún un lójijì kí ó má bàa wé mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹni tó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko ni yóò sì yà lù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín ara yín àti ewéko.

Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì tí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ń fà lẹ́yìn. Awakọ̀ lè ti rí yín, kí ó yà fún yín, kí ó tiẹ̀ juwọ́ sí yín, ìgbì rẹ̀ á ṣì wá bá yín nígbà tí òun ti lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dojú dé. Wọ́n ti mí kanlẹ̀, wọ́n ti gbé àjẹ̀ lé itan, wọ́n ń bá ẹnìkejì wọn sọ̀rọ̀ awakọ̀ tó kọjá, ni ìgbì bá gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá ni kí ẹ ti yí imú ọkọ̀ yín síbi tí ìgbì ń bọ̀. Kò pọn dandan kó dojú kọ ọ́ ṣánṣán, kó ṣáà má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lẹ máa kọ sí i. Ẹ máa tukọ̀ lọ, torí àjẹ̀ tó ń tẹ omi ló ń mú ọkọ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí ìbàdí rọ̀, kí ọkọ̀ máa jó lábẹ́ yín, kí orí yín dúró lójú kan. Ẹ má fọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ẹ má sì dìde. Ìgbì àkọ́kọ́ kì í dá wá, ẹ dúró de ìkejì àti ìkẹta. Níbi tí omi kò jìn, ìgbì náà á ga sí i, á sì fọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kọnkéré, bí èyí tó wà lẹ́yìn ilé àwọn olówó ní etí ọ̀sà, á lọ, á gbá ògiri, á sì tún padà wá bá yín láti ọ̀nà kejì. Tí mo bá rí ògiri bẹ́ẹ̀, mo máa ń jìnnà sí i.

Ẹ̀yin awakọ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń fẹ́ ṣàánú, ẹ á sì dín eré kù díẹ̀ nígbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ àjẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni kò dára. Eré àárín méjì, tí imú ọkọ̀ gbé sókè tí ìdí rẹ̀ ń wọ́ omi, ló ń fa ìgbì tó tóbi jù. Ẹ dín in kù pátápátá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí kí ẹ gba ibi tó jìnnà kọjá.

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Nípa láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀: ẹ wọ̀ ọ́, ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, ẹ má fi ṣe tìmùtìmù. Ẹni tí pákó bá gbá lórí kò lè rántí pé òun mọ odò wẹ̀.

Alẹ́ kì í ṣe tiwa. Ìjọba ti fòfin de kí ọkọ̀ èrò máa rìn lálẹ́, síbẹ̀ àwọn kan ń rìn láìtan iná. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá yín, òfin 1972 ọ̀hún ní kí ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀, bí kò bá ní iná mìíràn, ní tọ́ọ̀ṣì tàbí fìtílà funfun nítòsí, kí ó sì tàn án lásìkò. Ẹ tàn án sí àjẹ̀ yín àti ara yín pẹ̀lú, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ènìyàn ni. Ọyẹ́ àti ìkùukùu òwúrọ̀ kò yàtọ̀ sí alẹ́. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ láti òkun á ti ru ọ̀sà sókè, nítorí náà òwúrọ̀ tí ojú ti mọ́ kedere ló dára jù. Bí ẹ bá sì rí ìkùukùu dúdú láti ìlà oòrùn, láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún pàápàá, ẹ kọrí sí etí omi. Gbogbo awakọ̀ ni yóò máa sáré nígbà náà, ojú ọ̀run ni wọ́n á sì máa wò.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ má fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ tó dojú dé ṣì tóbi ju orí ènìyàn lọ lójú ẹni tó ń wá yín. Ẹ dì í mú, ẹ fun fèrè; bí ẹ bá ráyè gun orí rẹ̀, ẹ na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ máa gbé wọn sókè kí ẹ máa sọ wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin àgbáyé ka àmì yẹn sí ìpè fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ di fóònù sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ so ó mọ́ ara yín, kì í ṣe mọ́ ọkọ̀. Kí ẹ sì tó kúrò ní èbúté, ẹ sọ fún ẹnìkan níbẹ̀ ibi tí ẹ ń lọ, iye yín, àwọ̀ ọkọ̀ yín, àti aago tí ẹ ó padà. Bí aago náà bá kọjá tí kò rí yín, kí ó pe 767 tàbí 112 ní Èkó. Kò ní í ná an lówó.