Ìrora Tó Ń Lọ, Tó Ń Bọ̀: Kí Ló Ń Jẹ́ Sports Hernia?

Tó o bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ṣeé ṣe kó o mọ irú ìrora yìí. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ló máa ń wà. Tó o bá sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, á lọ. Tó o bá padà sórí pápá, tó o sáré, tó o yí bìrí, á tún dé. Kóòṣì á ní kó o fi Aboniki pa á. Ọ̀rẹ́ ẹ á ní ìpá ni. Ta ló tọ̀nà nínú wọn?

Orúkọ rẹ̀ máa ń ṣini lọ́nà

Sports hernia kì í ṣe ìpá gidi. Nínú ìpá, ìfun tàbí ọ̀rá inú ikùn máa ń gba ibi tí kò lágbára jáde, wàá sì rí i tó wú síta. Nínú sports hernia, kò sí wíwú tó hàn síta. Iṣan ló nà jù tàbí tó ya.

Báwo ló ṣe ń ya?

Egungun kan wà nísàlẹ̀ ikùn, lókè ojú ara gan-an. Iṣan ikùn so mọ́ ọn látòkè, iṣan itan so mọ́ ọn látìsàlẹ̀. Ńṣe ló dà bí okùn tí ẹgbẹ́ méjì ń fà. Tó o bá gbá bọ́ọ̀lù tagbáratagbára, tàbí tó o yí padà lójijì lórí eré, méjèèjì á fà á pa pọ̀. Iṣan itan sábà máa ń lágbára ju ti ikùn lọ, torí náà ti ikùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Tó o bá wúkọ́, tó o sín, tàbí tó o ṣe sit-up, á tún dùn ẹ́. Ọkùnrin ló wọ́pọ̀ sí jù, àmọ́ obìnrin náà lè ní i.

Kí lo máa ṣe?

1. Dá eré dúró fún ọjọ́ 7 sí 10. Fi aṣọ wé omi dídì, gbé e síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15.

2. Lọ rí dókítà. Egungun ọ̀dọ́ ṣì ń dàgbà, iṣan sì lè fa ègé egungun já. X-ray ló máa fi èyí hàn. MRI ló dáa jù fún iṣan tó ya.

3. Ṣe eré ìmárale tí physio bá fún ẹ, fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Tí ìrora bá ṣì padà wá, dókítà lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń padà sórí pápá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ẹ̀.

Má gba abẹ́rẹ́ apàrora torí kó o lè gbá fáínà o! Ó máa pa ìrora, àmọ́ kò ní rán ibi tó ya.

Èyí ò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la

Tí ẹpọ̀n bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dunni gan-an, ó lè jẹ́ pé ó ti lọ́ po, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì débẹ̀ mọ́. Láàárín wákàtí 6 ló yẹ kí wọ́n ti tú u. Tí wíwú ìpá ò bá wọlé mọ́, tí èébì sì ń gbé ẹ, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ.

Ìtìjú ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ dákẹ́ torí ibi tí ìrora náà wà. Sọ fún màmá tàbí dádì ẹ lónìí. Ìdíje míì ń bọ̀.