Jẹjẹrẹ Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Aládùúgbò Tí Ó Ń Bọ́ Ọ

Obìnrin kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Ojú ọmọ náà ti funfun, ibà kò fi í sílẹ̀, kókó yọ sí i lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní èrìgì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fún un ní oògùn ibà nílé. Mo kọ ìwé lé wọn lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nígbà tí ìyá náà padà wá, ó ní, “Màmá Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ara ẹni tún lè máa pa ni?”

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn lónìí.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn ni à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ funfun. Oríṣi kan ni sẹ́ẹ̀lì T, tí ó ń dá ọ̀tá mọ̀ tí ó sì ń bá a jà. Oríṣi kejì ni àwọn myeloid, tí ń gbé kòkòrò àrùn mì, tí ń kó ẹ̀gbin ara kúrò. Bí sẹ́ẹ̀lì T kan bá bàjẹ́, tí ó ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, tí kò sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ mọ́, ọ̀kan nínú irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn.

Ṣé òun nìkan ni ó ń dá jà? Rárá. Ní ọdún 2016, Lauren Ehrlich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin, ní Amẹ́ríkà, yọ sẹ́ẹ̀lì T burúkú kúrò lára eku, wọ́n sì fi í sínú àwo. Nígbà tí ó dá wà, kò pẹ́ kí ó tó kú. Nígbà tí wọ́n fi irú myeloid kan láti ara eku náà tì í, ó yè. Àwọn myeloid yìí ni ó ń ta sẹ́ẹ̀lì burúkú náà jí, nípa ohun amúnidàgbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IGF1.

Ní ọdún 2020, wọ́n dín àwọn myeloid kù nínú ara àwọn eku tí àrùn náà ń ṣe. Jẹjẹrẹ náà dín kù nínú ẹ̀dọ̀ àti níbòmíràn, àwọn eku náà sì pẹ́ sí i láyé. Àwọn àgbà ní, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ara eku ni wọ́n ti ṣe èyí. A kò lè kàn pa gbogbo myeloid ọmọ ènìyàn, nítorí àwọn náà ni ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ kòkòrò. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń wá ni bí wọn yóò ṣe gé oúnjẹ ọ̀tá láìpa ẹ̀ṣọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra àgbo lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní òun lè fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ibà ọmọ kò bá lọ, tí ojú rẹ̀ funfun, tí egungun ń ro ó, tí kókó yọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìtọ́jú rẹ̀ a máa tó ọdún méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n níbi tí ìtọ́jú bá ti péye, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ni ó ń yè.

Ọmọ obìnrin yẹn ṣì ń gba oògùn tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pa ọjọ́ kan jẹ.