Àròkọ Alálàyé: Iṣẹ́ Agbẹjọ́rò ní Ilé-Iṣẹ́ Ìbánisọ̀rọ̀

Bí a bá ní kí o kọ àròkọ lórí iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, má ṣe sáré kọ ọ́ pé o fẹ́ di agbẹjọ́rò nítorí ẹ̀wù dúdú àti wíìgì. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti sú èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún máàkì ìwé. Ohun tí a fẹ́ kà ni iṣẹ́ tí lọ́yà náà yóò máa ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nítorí náà, mú ẹ̀ka kan ṣoṣo. Jẹ́ kí a mú rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ìwé ìròyìn àti tẹlifóònù.

Kí ni lọ́yà ń wá níbẹ̀? Òun ni ó ń ka ìròyìn kí a tó gbé e jáde, kí ó má baà jẹ́ pé a ba aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́. Abala 39 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí a purọ́ mọ́ ọmọnìkejì. Òun náà ni ó ń yẹ ìwé àdéhùn wò. Mo mọ onílù kan tí ó tẹ̀ka sí ìwé tí kò lè kà. Orin rẹ̀ ń dún káàkiri, kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ká ní lọ́yà ti ka ìwé yẹn sí i létí ni, ì bá mọ ohun tí ó ń tà.

Ọdún 1992 ni ìjọba dá àjọ NBC sílẹ̀ fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àti NCC fún tẹlifóònù. Ní 2015, NCC bu ìtanràn tí ó lé ní tiriliọ̀nù kan náírà lé ilé-iṣẹ́ MTN, nítorí líìnì tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí a kò fi orúkọ ẹni tí ó ni wọ́n sílẹ̀ dáadáa, tí kò sì pa. Nígbà tí ó fi di 2016, lẹ́yìn àríyànjiyàn àti ìpàdé, ó ti di 330 bílíọ̀nù. Lọ́yà wà ní ìhà méjèèjì. Irú àpẹẹrẹ yìí, tí ó ní ọdún àti iye, ni ó ń gba máàkì.

Ọ̀nà ibẹ̀ jìn: ọdún márùn-ún ní yunifásítì, lẹ́yìn náà ilé-ẹ̀kọ́ òfin tí olú rẹ̀ wà ní Bwari, pẹ̀lú ìdánwò tirẹ̀. Kọ èyí ní gbólóhùn méjì péré.

Ìpínrọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ lè rí báyìí:

“Ìyá mi ra káàdì fóònù ní igba náírà kí ó lè bá ẹ̀gbọ́n mi tí ara rẹ̀ kò yá sọ̀rọ̀. Kí ó tó tẹ nọ́ńbà tán, wọ́n ti yọ ọgọ́rùn-ún fún orin tí kò béèrè. Ó bi mí pé ta ni a lè fi ẹjọ́ yìí sùn. N kò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ kọ́ òfin.”

Ṣàkíyèsí pé ọmọ náà kò tíì dárúkọ wíìgì. Kọ ìpínrọ̀ kejì fúnra rẹ: sọ bí lọ́yà NCC yóò ṣe dá ìyá náà lóhùn, kí o sì dárúkọ nọ́ńbà 2442 tí a ń fi ọ̀rọ̀ STOP ránṣẹ́ sí.