Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Bí Ọkọ̀ Òde Òní Ṣe Ń Ṣọ́ Bátìrì Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, púpọ̀ nínú wa ni ó rántí ọgbọ́n àwọn rewáyà ìgbà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá alternator ń ṣiṣẹ́, wọn a yọ wáyà kan lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ kò bá kú, wọn a ní alternator dára. Ọgbọ́n yìí kò yẹ ọkọ̀ òde òní mọ́, nítorí ó ti ní olùṣọ́ tirẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ titun, ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń pè ní sensor wà ní orí négétíìfù bátìrì. Ohun mẹ́ta ni ó ń wọ̀n: fólítì, iye iná tí ń wọlé tàbí tí ń jáde, àti bí bátìrì ti gbóná tó. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni ó ń jíhìn fún, gẹ́gẹ́ bí akápò ti ń jíhìn fún ìjọ. Ìṣirò yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ iye iná tó kù àti bí bátìrì ti gbó tó.

Kọ̀ǹpútà yìí kan náà ni ó ń pàṣẹ fún alternator. Bátìrì tó kún tó sì sinmi a máa wà ní nǹkan bíi fólítì 12.6. Alternator àtijọ́ a máa fi nǹkan bíi 14 bọ́ ọ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti kún, kọ̀ǹpútà lè dín in kù sí nǹkan bíi 13, kí epo má baà ṣòfò. Ẹni tí kò mọ̀ a wo mítà, a ní alternator ti bàjẹ́, a sì mú wa náwó lásán.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ wáyà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: iná lè ru lójijì, kí ó sì ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣáàjì bátìrì, ẹ fi wáyà négétíìfù mọ́ irin ara ọkọ̀ níbi tí ìwé ọkọ̀ náà tọ́ka sí, kí sensor lè ka iná tó wọlé. Bí ẹ bá ra bátìrì titun, kí ó jẹ́ irú ti àtẹ̀yìnwá. Nínú àwọn ọkọ̀ bíi BMW, a tún gbọ́dọ̀ fi tó kọ̀ǹpútà létí pé a ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí iná pupa alámì bátìrì bá sì tàn lójú ọ̀nà, bátìrì kọ́ ni ó fi dandan bàjẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé ṣáàjì kò wọlé bó ti yẹ.

Nílé ẹ̀kọ́ yìí, a kọ́ wa pé kí a ka ìbéèrè dáadáa kí a tó dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ kí a tó tú àpò.