Ṣé PS5 rẹ nílò Wi-Fi tó yára ju èyí lọ?

Ká ní o ń gbé nínú ọ̀kan lára àwọn ilé alájà Jákàńdè Estate, Ilasan. Ilẹ̀ ti ṣú, o ń gbá bọ́ọ̀lù lórí PS5 pẹ̀lú ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ku díẹ̀ kí o gbá góòlù wọlé, ni gbogbo nǹkan bá dúró gbagidi. Kí o tó mọ̀, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n tìrẹ. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn ni pé kí o ra router tuntun. Dúró ná, má tíì náwó!

Nǹkan méjì là ń pè ní "yíyára". Àkọ́kọ́ ni bí dátà tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni àkókò tí iṣẹ́ tí o rán fi ń lọ tó sì fi ń bọ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní ping.

Tí o bá ń ṣeré lọ́wọ́, dátà tó ń lọ kéré gan-an: bọ́tìnnì tí o tẹ̀, ibi tí àgbábọ́ọ̀lù rẹ wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í tó 1 Mbps. Ìgbà tí o bá ń gba géèmù sílẹ̀ ni dátà ń pọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì 20 Mbps, géèmù 100 GB máa gbà tó wákàtí 11. Wi-Fi inú ilé sábà máa ń yára ju 20 Mbps lọ, torí náà router tuntun ò ní dín in kù. Ṣe ló dà bí ẹni tó fẹ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà lórí títì Lẹ́kí.

Kí ló wá ń fa ìdádúró?

Àwọn aládùúgbò ni àkọ́kọ́. Lórí 2.4 GHz, ọ̀nà mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn: 1, 6 àti 11. Tí router bá wà lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, wọ́n á máa dúró de ara wọn. PS4 àkọ́kọ́, ti 2013, ò lè lo òmíràn. PS5 lè lo 5 GHz tí àyè ti pọ̀, àmọ́ ògiri máa ń tètè dá a dúró.

Ọ̀nà jíjìn ni èkejì. Kébù MainOne, tó so Èkó mọ́ Pọ́túgà lábẹ́ òkun láti 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Nínú irú kébù bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí server géèmù bá wà ní Yúróòpù, àlọ àti àbọ̀ lábẹ́ òkun nìkan ti tó 70 ms. Kò sí router tó lè gé e kúrú. Ní 14 oṣù Kẹta 2024, kébù mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, MainOne wà lára wọn. Wi-Fi ilé ò ní ẹ̀bi kankan níbẹ̀.

Torí náà, kọ́kọ́ dán èyí wò. Fi kébù LAN so PS5 mọ́ router, kí o gbá eré mẹ́ta. Tí ìdádúró bá lọ, Wi-Fi ló ń fà á: gbé router súnmọ́ ọn, lo 5 GHz, tàbí kí o kúkú fi kébù náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá lọ, wò ó bóyá ẹnì kan nínú ilé ń gba fíìmù sílẹ̀. Tí kò bá sí, ìta ni ìṣòro wà: wá server tó súnmọ́ wa, tàbí kí o pe ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ. Tó bá jẹ́ MiFi tí kò ní ojú LAN lo ń lò, gbé e sí yàrá kan náà pẹ̀lú PS5.

Owó kébù LAN ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó router tuntun.