Àfojúbà Tí A Kò Kọ Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àfojúbà tí a kò kọ sílẹ̀, bó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ìròyìn ló tún dà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ àti ẹranko àyíká rẹ̀ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ìgbà tí igi ń rúwé ní Yúróòpù, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Èsúnsún á tú jáde, ọ̀pọ̀lọ́ á máa ké, ẹ̀gà á máa hun ìtẹ́, lékeléke tó ti wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà ọyẹ́ á máa lọ sí àríwá, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó sá fún òtútù á sì máa padà sí Yúróòpù. Ta ló mọ ọjọ́ tí wọ́n lọ lọ́dún tó kọjá?

Ní Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Marsham bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1736 pé ọjọ́ báyìí ni igi báyìí rúwé, ọjọ́ báyìí ni alápàńdẹ̀dẹ̀ kọ́kọ́ yọjú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ìran rẹ̀ ń bá a lọ títí di 1958. Lónìí, ìwé wọn wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń fi hàn pé bí ìgbà bá ṣe móoru sí ni igi ṣe ń tètè rúwé.

Ẹnìkan lè ní àwọn ọdẹ wa kò kọ nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n mọ igbó ju ẹni tó kàwé lọ. N kò jiyàn. Ìjálá sọ ìwà ẹranko, ìrìn rẹ̀, adùn ẹran rẹ̀ pàápàá. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni iye àti ọdún. Ẹ wo igún. A ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Èèwọ̀ yẹn kò dí àwọn tó ń tà á fún oògùn lọ́wọ́. Ẹyẹ tó máa ń kún ibi tí alápatà ti ń pa ẹran tẹ́lẹ̀ ti di àwátì ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, láti 2015 ni wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn tó sún mọ́ àkúrun jù lọ lágbàáyé. Èèyàn mélòó ló lè dárúkọ ọdún tí igún bà kẹ́yìn nílùú rẹ̀? Ó pọ̀ jù nígbà náà, kò sẹ́ni tó kà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ni òun fẹ́ fi iye lékeléke ṣe, igún ni ìdáhùn mi.

Kíkọ rẹ̀ kò le: ọjọ́, aago, ibi, iye, ohun tó ń ṣe. Ẹlúlùú tí ẹ gbọ́ kì í ṣe ẹlúlùú tí ẹ rí. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orúkọ kò bá dá yín lójú, ẹ má méfò, ẹ kọ àwọ̀ àgógó àti ẹsẹ̀. Àwọn ẹyẹ funfun mìíràn jọ lékeléke létí omi, ṣùgbọ́n àgógó tirẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Ọjọ́ tí ẹ jáde tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú, torí láìsí i, a kò ní mọ̀ bóyá ẹyẹ ló lọ tàbí a ò wá a. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun wúlò kọjá ilé lè bá Nigerian Bird Atlas Project ṣe é. Láti 2015 ni wọ́n ti ń gba orúkọ ẹyẹ tí àwọn èèyàn bá rí jọ, ó kéré tán wákàtí méjì ni ẹ ó fi wo agbègbè kan, áàpù BirdLasser orí fóònù yín á sì bá yín fi í ránṣẹ́.

Àtakò kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ìwé tó tọ́ka ibi tí akika wà, ọ̀nà ló là fún ẹni tó fẹ́ pa á. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan láti fòfin de òwò akika àti odídẹrẹ́ láàárín ara wọn, síbẹ̀ òwò náà kò tíì tán. Ẹ kọ ibi gan-an sínú ìwé tiyín. Bó bá di ìta gbangba, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ti tó. Fóònù sì máa ń fi ibi tí a ti ya àwòrán pamọ́ sínú àwòrán náà, ẹ pa ètò yẹn lórí fóònù kí ẹ tó ya ohunkóhun.